Òṣùwọ̀n Kò Mọ Ẹgbẹ́: Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Ìṣirò Ẹ̀rí

Kò sí ọdún kan tí ó ń kọjá lọ tí a kì í gbọ́ ìkéde ńláńlá lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti igbó wa. Wọn a ní ajílẹ̀ tí ìjọba pín ti mú kí ìkórè àgbàdo pọ̀ sí i. Wọn a ní igi tí a gbìn ti dá ọ̀gbàrá dúró. Wọn a ní oògùn kan ti ṣẹ́gun kòkòrò tí ń ba oko jẹ́, tàbí pé omi odò tí ó dọ̀tí tẹ́lẹ̀ ti mọ́ gaara. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú tiwa ni ó wà lórí àlééfà, a ó pàtẹ́wọ́. Bí kì í bá ṣe tiwa, a ó ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ àti àwọn tí ó ní irọ́ ni, ẹni mélòó ni ó bèèrè pé: báwo ni a ṣe mọ̀?

Ìbéèrè kúkúrú yìí ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kì í ṣe ìbéèrè alátakò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìbéèrè aláìgbàgbọ́. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, tí kò fẹ́ jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tó. Ìmọ̀ kan sì wà láyé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó kọ́ wa bí a ti í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní statistics. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, àwa yóò pè é ní ìṣirò ẹ̀rí, nítorí pé ẹ̀rí ni ó ń wá. Ìmọ̀ kejì tí kò ṣeé yà kúrò lára rẹ̀ ni ìmọ̀ bí a ti í to ìdánwò kí ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀. A kò sọ ìdánwò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jókòó ṣe ní òpin ọdún. Ìdánwò tí a ń ṣe pẹ̀lú ilẹ̀, pẹ̀lú irúgbìn, pẹ̀lú ẹja inú odò àti ẹyẹ inú igbó ni à ń sọ.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ìmọ̀ méjèèjì yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ Yunifásítì nìkan mọ́. Oko ilé-ìwé ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bí a ti í wá ìpíndọ́gba iye, àti bí a ti í ya àwòrán tí ń fi iye hàn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni iye wọ̀nyí ti ń wá bá ọmọ náà. Kò mọ ẹni tí ó kà á, kò mọ ibi tí a ti kà á, kò sì mọ̀ bóyá ẹni tí ó kà á fi ojúsàájú kà á. Ọmọ tí a kọ́ báyìí yóò lè ṣírò, ṣùgbọ́n kò ní lè ṣèdájọ́. Bí ó bá dàgbà tán, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní iye lẹ́nu ni yóò máa darí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ìmọ̀ yìí ti gbèrú, nítorí inú oko ni, kì í ṣe inú ilé àwọn oníṣirò. Ní ìlú Harpenden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko ìwádìí kan wà tí à ń pè ní Rothamsted. Ní ọdún 1843 ni John Lawes àti Joseph Henry Gilbert bẹ̀rẹ̀ sí gbin àlìkámà sí orí pápá kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Broadbalk. Wọ́n pín pápá náà sí ìlà-ìlà. Ìlà kan gba ìgbẹ́ ẹran, òmíràn gba ajílẹ̀ inú àpò, òmíràn kò gba nǹkan kan. Ọdọọdún ni wọ́n ń wọn ìkórè, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di òní ni a ṣì ń gbin àlìkámà sí orí pápá náà.

Ní ọdún 1919, wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ìṣirò, Ronald Fisher, pé kí ó wá yẹ àkọsílẹ̀ tí ó ti pé ọdún 70 ó lé wò. Ohun tí ọkùnrin yìí rí ni ó yí iṣẹ́ ìwádìí padà ní gbogbo ayé. Ó rí i pé àkọsílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ajílẹ̀ nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ìlà kan àti èkejì. Ìlà kọ̀ọ̀kan dá wà ní ipò tirẹ̀. Ilẹ̀ ìlà kan lè lọ́ràá ju ti èkejì lọ láti ilẹ̀ wá. Òjò ọdún kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ọdún mìíràn, koríko kò sì hù bákan náà níbi gbogbo. Ìgbà náà ni Fisher bẹ̀rẹ̀ sí ronú ọ̀nà tí a lè gbà to ìdánwò oko, tí ilẹ̀ àti òjò kò fi ní lè jẹ́rìí èké. Ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣirò náà ní ọdún 1925, ó sì tẹ òmíràn lórí títo ìdánwò ní ọdún 1935.

Òfin tí ó là sílẹ̀ kò ṣòro, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba wa ti fi òwe sọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Òfin kìíní ni ìfiwéra. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Agbẹ̀ tí ó da ajílẹ̀ sí gbogbo oko rẹ̀ ní ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, tí ó wá fi ìkórè rẹ̀ wé ti ọdún tí ó kọjá nígbà tí ọ̀dá dá, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́. Ta ni ó mú ìkórè wá, ajílẹ̀ ni tàbí òjò? Kò lè mọ̀ láéláé. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó fi apá kan sílẹ̀ láìda ajílẹ̀ sí i, ní ọdún kan náà, ní abẹ́ òjò kan náà. Apá tí kò gba ajílẹ̀ yìí ni ẹlẹ́rìí kejì. Àwọn kan lè ní ìfiṣòfò ni. Kì í ṣe ìfiṣòfò. Owó ẹ̀rí ni.

Òfin kejì ni àtúnṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìpín ilẹ̀ kan tí ó gba ajílẹ̀ àti ìpín ilẹ̀ kan tí kò gbà kò tó láti dájọ́, nítorí pé bí a kò tilẹ̀ da ohunkóhun sí i, ilẹ̀ méjì kì í so bákan náà. Ìgbà tí a bá ní ìpín púpọ̀ ní ìhà méjèèjì ni a ó mọ bí ìyàtọ̀ tí kò nídìí ti máa ń tóbi tó, kí a tó lè mọ èyí tí ó nídìí.

Òfin kẹta ni ṣíṣẹ́ kèké. Bí a bá fi í lé ènìyàn lọ́wọ́ pé kí ó yan ilẹ̀ tí yóò gba irúgbìn tuntun, ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dúdú, tí ó sì ti lọ́ràá, bí kò tilẹ̀ ní ẹ̀tàn lọ́kàn. Nítorí náà, kí ọwọ́ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Kí a ṣẹ́ kèké, bí wọ́n ti ṣẹ́ kèké pín ilẹ̀ ní ayé Jóṣúà, kí ìpín kọ̀ọ̀kan gba èyí tí kèké bá mú fún un. Kèké kò mọ olówó, kò mọ ọ̀rẹ́, kò sì mọ ẹni tí ó ń ta ajílẹ̀.

Òfin kẹrin ni pé kí a ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìran-ìran kí a tó ṣẹ́ kèké. Agbẹ̀ wo ni kò mọ̀ pé àkùrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ orí òkè? Kí a fi ìpín àkùrọ̀ wé ìpín àkùrọ̀, kí a fi ìpín orí òkè wé ìpín orí òkè. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ ilẹ̀ kò ní lè bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀.

Fisher fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú kíláàsì. Obìnrin kan ní Rothamsted, Muriel Bristol, ní òun lè fi ẹnu mọ̀ bóyá wàrà ni a kọ́kọ́ bù sí ife tàbí tíì. Fisher kò bá a jiyàn. Ó ní kí a po ife 8, kí 4 jẹ́ ti wàrà ṣáájú, kí 4 jẹ́ ti tíì ṣáájú, kí a fi kèké to wọn. Bí a bá ní kí ènìyàn yan 4 nínú 8, ọ̀nà 70 ni ó lè gbà yàn wọ́n, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì bá a mu pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí ń méfò lásán kò lè yege ju ìgbà kan lọ nínú 70. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mú gààrí Ìjẹ̀bú àti gààrí ìlú mìíràn, kí ó bù wọ́n sí ife 8, kí ó sì pe ọmọ tí ó ń fọ́nnu pé òun mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀rín yóò sọ nínú kíláàsì náà, ẹ̀kọ́ náà kò sì ní kúrò lọ́kàn wọn.

Bóyá ẹnìkan yóò ní ọ̀rọ̀ wàrà àti tíì ni èyí, kí ni ó kan oko wa? Ẹ jẹ́ kí a wá sí Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 sí 1979, kòkòrò kékeré kan tí ó funfun bí ẹfun wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Kóńgò ni a ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń mu omi ara ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá. Ewé orí rẹ̀ a sì lọ́ pọ̀, a ṣùjọ, gbòǹgbò kò sì ní ta mọ́. Ó ń tàn ká láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, ebi sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní ọdún 1981, àwọn olùwádìí rí agbọ́n kékeré kan ní ilẹ̀ Paraguay tí ó máa ń yé ẹyin rẹ̀ sí inú kòkòrò funfun náà, tí ọmọ agbọ́n náà yóò sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọ́n gbé agbọ́n yìí wá sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA ní Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ sínú oko ní ọdún 1981 kan náà.

Kòkòrò funfun náà dínkù. Ó rọrùn kí wọ́n lu ìlù, kí wọ́n jó. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà bi ara wọn léèrè pé: ta ni ó jẹ́rìí pé agbọ́n ni ó ṣe é? Ṣé kì í ṣe òjò ni ó fọ̀ wọ́n dànù? Ṣé kì í ṣe àwọn kòkòrò ilé wa tí ń jẹ kòkòrò ni? Wọ́n wá to ìdánwò. Wọ́n fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo orí àwọn ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n sì dì í pinpin kí agbọ́n má lè wọlé. Wọ́n fi irú àpò kan náà bo àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí agbọ́n lè wọlé. Wọ́n fi àwọn ẹ̀kẹta sílẹ̀ láìbò.

Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú àpò tí a ṣí ẹnu rẹ̀ yìí. Bí kò bá sí i, ẹnìkan lè ní ooru tàbí òjìji inú àpò ni ó mú kí kòkòrò bí sí i, pé kì í ṣe àìsí agbọ́n. Àpò tí a ṣí ẹnu rẹ̀ ni ó dáhùn fún un. Nínú àpò tí a dì, kòkòrò funfun pọ̀ rẹpẹtẹ. Níbi tí agbọ́n ti lè dé, wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò mìíràn, wọ́n fọ́n oògùn tí ń pa agbọ́n sí oko kan, wọ́n fi òmíràn sílẹ̀ láìfọ́n. Oko tí a fọ́n oògùn sí gan-an ni kòkòrò ti gbilẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ìdánwò ì bá ti ná owó rẹ̀ sórí oògùn tí ń pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a gbé agbọ́n náà lọ sí orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20 ní Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó darí iṣẹ́ náà láti Ìbàdàn, gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní ọdún 1995. Gààrí tí a ń mu lónìí jẹ àwọn tí kò gbà gbọ́ láìsí ẹ̀rí ní gbèsè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa ènìyàn dúdú nìkan ni ìmọ̀ yìí ń ṣòro fún. Ní ọdún 1984, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Stuart Hurlbert, yẹ ìwádìí 176 wò tí àwọn onímọ̀ nípa ìbágbé ohun ẹlẹ́mìí ti ṣe, tí a sì ti tẹ̀ jáde. Ó rí i pé ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ka ohun kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀. Nínú àwọn tí ó tilẹ̀ lo ìṣirò ẹ̀rí láti fi dájọ́, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣe àṣìṣe yìí. Báwo ni àṣìṣe náà ti rí? Olùwádìí kan da ajílẹ̀ sí adágún omi kan, ó sì fi adágún kan sílẹ̀. Ó bu omi nígbà 50 nínú èkíní, ó bu omi nígbà 50 nínú èkejì, ó wá ní ẹlẹ́rìí 50 ni òun ní ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò nígbà 50 nínú ìkòkò kan, ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni ó tọ́ wò. Kò tíì mọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀ ilé kejì.

Ohun tí ó burú nínú irú àṣìṣe yìí ni pé kò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Fisher sọ ọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1938 pé ẹni tí ó parí ìdánwò kí ó tó wá onímọ̀ ìṣirò lọ dàbí ẹni tí ó gbé òkú wá. Ohun tí onímọ̀ náà lè ṣe kò ju kí ó sọ irú ikú tí ó pa á. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti lo ọdún méjì ní ẹ̀bá odò tàbí nínú igbó, tí wọ́n ka ẹja, tí wọ́n ka igi, tí wọ́n wá gbé ìwé wọn dé iwájú olùkọ́ ìṣirò kí ó tó di pé a sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà kò lè dáhùn ìbéèrè tí ó gbé wọn jáde? Owó òbí ti lọ, àkókò ti lọ. Bí a bá ti kọ́ wọn láti kékeré pé títo ìdánwò ni ó ń ṣáájú kíkà, ọ̀pọ̀ omijé ni kì bá ti sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tálákà ju ẹnikẹ́ni lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers ń ké pé epo rọ̀bì ti ba ilẹ̀ àti omi àwọn jẹ́. Ìgbà tí àjọ UNEP ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2011 ni igbe náà di ohun tí kò ṣeé sẹ́. Wọ́n ti yẹ ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ wò fínnífínní ní ibi 69, wọ́n gbẹ́ kànga àyẹ̀wò 142, wọ́n sì yẹ ohun tí ó lé ní 4,000 tí wọ́n bù láti inú ilẹ̀, omi àti àwọn nǹkan mìíràn wò. Ní ìletò Nisisioken Ogale, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ń mu omi kànga tí majèlé benzene inú rẹ̀ lé ní ìlọ́po 900 iye tí àjọ ìlera àgbáyé ní kò gbọdọ̀ kọjá. Igbe nìkan kò ṣe èyí. Bíbù, wíwọ̀n àti kíkọ sílẹ̀ ni ó ṣe é. Ìlú tí kò ní ọmọ tí ó mọ bí a ti í kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ yóò máa dúró de àlejò kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú kànga ara rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kò sí yàrá ìwádìí, kò sí ẹ̀rọ, kò sí owó. A kò bèèrè ẹ̀rọ. Ohun tí a ń bèèrè kò ju okùn, ìwọ̀n, ìwé àkọsílẹ̀ àti owó ẹyọ kan lọ. Kí olùkọ́ ya ìpín ilẹ̀ 12 sọ́tọ̀ nínú oko ilé-ìwé, kí ó to wọ́n ní méjì-méjì bí ìbejì, kí àwọn ìbejì kọ̀ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí irú ilẹ̀ kan náà. Kí àwọn ọmọ ta owó ẹyọ sókè láti mọ èwo nínú ìbejì náà ni yóò gba ìgbẹ́ adìyẹ. Kí wọ́n gbin àgbàdo kan náà sí i ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n ro ó bákan náà. Bí àgbàdo bá gbó, kí wọ́n wọn ti ìpín kọ̀ọ̀kan, ó sì dára kí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n má mọ èyí tí ó gba ìgbẹ́ adìyẹ.

Nígbà náà ni kí olùkọ́ bèèrè ìbéèrè tí ó jẹ́ ọkàn ìmọ̀ yìí: bí ìgbẹ́ adìyẹ kò bá ní agbára kankan, báwo ni ì bá ti rọrùn tó kí èyí ṣẹlẹ̀? Bí ìbejì kan ṣoṣo ni a ní, ẹ̀kan nínú 2 ni. Bí mẹ́ta bá ni, tí ìhà ìgbẹ́ adìyẹ borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kan nínú 8. Bí mẹ́fà bá ni, tí ó borí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀kan nínú 64. Ọmọ tí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀ lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Yóò mọ ìdí tí igi kan kò fi lè dá igbó ṣe. Yóò sì tún mọ̀ pé ẹ̀kan nínú 64 kì í ṣe òdo, pé ẹni tí ó gbọ́n a máa fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn baba wa dáko láìsí gbogbo èyí. Òótọ́ ni, àwa kò sì fojú tín-ín-rín ìmọ̀ wọn. Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò ní àkísà bí àgbà. Ìran lẹ́yìn ìran ni wọ́n fi dán irúgbìn kan wò, tí àṣìṣe baba sì di ẹ̀kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n irúgbìn tuntun, oògùn tuntun àti ajílẹ̀ tuntun ń wọ ọjà lónìí kí ọdún mẹ́ta tó yípo. Òjò kò rọ̀ ní àkókò tí a mọ̀ ọ́n mọ́ mọ́. A kò ní ìran mẹ́ta tí a ó fi dúró. Ìdánwò tí a tò dáadáa ni ó lè sọ fún wa ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ohun tí àwọn baba wa fi gbogbo ayé wọn kọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, kì í ṣe ilé alámọ̀ àti páànù ni ó mú iṣẹ́ náà dúró, bí kò ṣe àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi ohun díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀. A rọ̀ yín kí ẹ má ṣe jẹ́ kí oko ilé-ìwé jẹ́ ibi tí a ti ń fi ìyà jẹ ọmọ tí ó pẹ́ dé. Ẹ sọ ọ́ di ilé ẹ̀rí. Kí olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pàdé níbẹ̀. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fi títo ìdánwò ṣáájú ìṣirò tí ń tẹ̀ lé e, kí ó má baà di pé àwọn olùkọ́ tuntun mọ bí a ti í ṣírò ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí à ń ṣírò.

Ẹ̀yin alátìlẹyìn ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín pẹ̀lú. Bí àwọn aṣáájú yín bá kéde pé a gbin igi, ẹ bèèrè mélòó ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kejì. Bí wọ́n bá kéde pé ajílẹ̀ mú ìkórè pọ̀, ẹ bèèrè ibi tí a kò ti pín ajílẹ̀, kí a fi wé e. Kí ìjọba tí ó bá ní ohun rere láti pín, tí kò sì lè kárí gbogbo ìlú ní ọdún kìíní, ṣẹ́ kèké láàárín àwọn ìlú, kí a wọn ìyàtọ̀, kí gbogbo ìlú tó kù sì gbà á ní ọdún kejì bí ó bá dára lóòótọ́. Ìwà òdodo ni èyí, ìmọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹgbẹ́ náà. Ọ̀tá ẹgbẹ́ ni ẹni tí ó jẹ́ kí ó máa fi owó ìlú ra ohun tí kò ṣiṣẹ́.

Òṣùwọ̀n kò mọ ẹgbẹ́. Bí a bá gbé àgbàdo lé e, kò ní bèèrè ẹni tí ó gbìn ín tàbí ẹni tí a dìbò fún. Iye tí ó bá wúwo ni yóò sọ. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá mọ bí a ti í to òṣùwọ̀n kalẹ̀ láìsí ojúsàájú, tí wọ́n sì ní ìgboyà láti gba ohun tí ó bá sọ, ìlú náà kò ní ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ àti igbó rẹ̀. Ìgbà ọ̀gbìn tí ń bọ̀ kò jìnnà. Kí okùn àti ìwọ̀n wà ní ìmúrasílẹ̀.